Ìfiwéra fóònù: Samsung, Infinix, iPhone àti Pixel, èwo ni yóò bá yín kalẹ́?

Kí ẹ tó béèrè iye gígábáìtì, kí ẹ tó yẹ kámẹ́rà wò, ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń ta fóònù fún yín: ọdún wo ni ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù yìí yóò ṣíwọ́ àtúnṣe lórí rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ní Computer Village n'Íkẹjà ni kò ní rí èsì fún yín, nítorí àwọn oníbàárà kì í béèrè. Síbẹ̀ èsì wà, ó sì ṣe pàtàkì ju bí fóònù ṣe ń dán lọ.

Ọ̀nà méjì ni fóònù máa ń gbà kú. Ara rẹ̀ lè kú: gíláàsì á fọ́, bátìrì á wú, ihò ṣájà á jẹ. Ètò inú rẹ̀ náà lè kú nígbà tí ara ṣì le koko: ilé iṣẹ́ á dẹ́kun fífi ẹ̀dà Android tàbí iOS (ètò inú iPhone) tuntun ránṣẹ́, á sì tún dẹ́kun àtúnṣe ààbò, èyí tó máa ń dí àlàfo tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé. Ikú àkọ́kọ́, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, àwọn tó ń tún fóònù ṣe sì pọ̀ nígboro. Ìkejì kì í pariwo. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, WhatsApp dẹ́kun iṣẹ́ lórí gbogbo Android tó kéré sí 5.0. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ó kan àwọn iPhone tí kò lè gba iOS 15.1, ìyẹn 5s, 6 àti 6 Plus. Ẹni tí iPhone 6 rẹ̀ ṣì mọ́ tónítóní, tí kò ní ẹyọ àpá kan lára, kò rí WhatsApp lò mọ́. Àwọn áàpù báńkì náà máa ń kọ Android tó bá ti gbó. Inú fóònù yìí sì ni owó wa wà báyìí, ibẹ̀ ni nọ́ńbà àṣírí tí báńkì ń fi ránṣẹ́ máa ń balẹ̀ sí. Ẹni tó ń fi fóònù tí kò rí àtúnṣe ààbò gbà mọ́ ṣe tíráńsífà, inú ewu ló wà, bí kò tilẹ̀ tíì rí nǹkan kan.

Ọjọ́ tí fóònù jáde ni a ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rà á

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù owó. Bí ilé iṣẹ́ bá ṣèlérí ọdún márùn-ún, ọdún márùn-ún láti ìgbà tí irú fóònù náà kọ́kọ́ dé ọjà ni. Galaxy S21 jáde ní oṣù kìíní ọdún 2021, ọdún márùn-ún sì ni Samsung ṣèlérí fún un. Ẹni tó ra S21 tòkunbọ̀ lọ́dún 2025, tí inú rẹ̀ ń dùn pé òun rí fóònù ńlá ní owó pọ́ọ́kú, nǹkan bí ọdún kan péré ló kù tó rà. Díẹ̀ rèé lára àwọn tó wọ́pọ̀ lọ́jà wa:

| Fóònù | Ọdún tó jáde | Ọdún tí àtúnṣe ààbò yóò parí |
|---|---|---|
| Galaxy S21 | 2021 | 2026 |
| Galaxy S22 | 2022 | 2027 |
| Galaxy S23 | 2023 | 2028 |
| Galaxy S24 | 2024 | 2031 |
| Galaxy A06 | 2024 | 2028 |
| Galaxy A16 | 2024 | 2030 |
| Infinix Note 40 | 2024 | 2027 |
| Pixel 6 | 2021 | 2026 |
| Pixel 7 | 2022 | 2027 |
| Pixel 8 | 2023 | 2030 |

iPhone kò sí níbẹ̀ nítorí Apple kì í dá ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Mo máa débẹ̀.

Ẹ wá pín owó fóònù sí iye ọdún tó kù fún un. Ká ní wọ́n ń ta ọ̀kan ní ₦240,000, ọdún mẹ́ta ló kù fún un: ₦80,000 lọ́dún nìyẹn. Òmíràn jẹ́ ₦360,000, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà ló ní: ₦60,000 lọ́dún. Èyí tó wọ́n gan-an ni ó dínwó. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní ₦360,000 lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni wí lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lè fi oṣù díẹ̀ kún àkókò tó fi ń tọ́jú owó, kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Samsung: orúkọ kan náà, ìlérí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Tí ẹ bá wo àtẹ òkè yẹn dáadáa, ẹ ó rí i pé A06 àti A16 jáde lọ́dún kan náà láti ilé iṣẹ́ kan náà, ọdún méjì sì ni wọ́n fi ju ara wọn lọ. Ẹ̀dà Android tuntun méjì ni A06 máa gbà, mẹ́fà ni A16. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání nípa Samsung nìyí: orúkọ tó wà lẹ́yìn fóònù kò tó, irú fóònù náà gan-an ni kí ẹ wádìí. Láti ìgbà tí S24 ti jáde ní oṣù kìíní 2024 ni wọ́n ti ń fún àwọn fóònù ńlá wọn ní ọdún méje, ti ẹ̀dà tuntun àti ti ààbò. Nígbà tó di 2025, A26, A36 àti A56 gba ọdún mẹ́fà. Ìwọ̀nba ni àwọn tó ń ṣe irú èyí fún fóònù olówó kékeré àti àárín lọ́jà wa.

Ara wọn ńkọ́? Ojú AMOLED ni A16 ní, dúdú rẹ̀ dúdú, àwọ̀ rẹ̀ mọ́ kedere kódà nínú oòrùn, ṣùgbọ́n ike ni ara rẹ̀, ìwọ̀n IP54 sì ni ààbò omi rẹ̀: òjò tó ta sí i kò ní pa á, ẹ má sì jẹ́ kó bọ́ sínú báàkẹ́ẹ̀tì. A26, A36 àti A56 ní IP67, tí í ṣe mítà kan nínú omi tí kò níyọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. A56 ló ní férémù álúmíníọ̀mù. Ṣájà kì í bá wọn wá nínú páálí, torí náà ẹ ka owó ṣájà gidi mọ́ ọn. Ẹ má lọ ra ayédèrú ní ẹ̀gbẹ́ títì láti fi gbaná sínú fóònù tí ẹ fẹ́ lò fún ọdún mẹ́fà.

Ohun tí mo bá Samsung wí ni owó ojú fóònù. AMOLED wọ́n láti pààrọ̀, owó rẹ̀ lórí fóònù kékeré sì lè súnmọ́ ìdajì owó tí ẹ fi rà á. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń fi ojú LCD ayédèrú rọ́pò rẹ̀. Tí ojú fóònù tòkunbọ̀ bá dà bíi pé eruku wà nínú rẹ̀, tí dúdú rẹ̀ jẹ́ eérú, tí àyè ìtẹ̀ka abẹ́ gíláàsì kò sì ṣiṣẹ́, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Ní ti ìwà ilé iṣẹ́, a kò gbàgbé Note 7 lọ́dún 2016, tí bátìrì rẹ̀ ń gbiná títí Samsung fi kó gbogbo rẹ̀ kúrò lọ́jà. Wọ́n gbà pé ẹ̀bi wọn ni, wọ́n ṣàlàyé ohun tó fà á, wọ́n sì sọ bí wọn yóò ṣe máa yẹ bátìrì wò láti ìgbà náà. Ojú tí mo fi ń wo ilé iṣẹ́ nìyẹn: kò sí ẹni tí àṣìṣe kì í bá, ohun tó ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni kí a wò.

Infinix, Tecno àti itel: ara tó tó owó rẹ̀, ètò tí kò pẹ́

Ilé kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Transsion ti ìlú Shenzhen ní Ṣáínà, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2006, tí wọ́n sì fi ojú sí ilẹ̀ Áfíríkà ju ibikíbi lọ. Wọ́n mọ̀ wá. Bátìrì ńlá, àyè síìmù méjì, kámẹ́rà tí wọ́n tún ṣe kó lè ya àwọ̀ dúdú dáadáa, ṣájà àti àpò ìbòrí nínú páálí. Ní iye owó kan náà, ohun tí ẹ ó rí lára Infinix máa ń pọ̀ ju ti Samsung lọ. Infinix Note 40 ní ojú AMOLED, kámẹ́rà mẹ́gápíksẹ́lì 108, ṣájà wáàtì 45, ó sì ń gbaná láìlo wáyà. Ẹni tó bá ní kì í ṣe fóònù tó dára ń ṣàbòsí.

Àtúnṣe wọn tún rọrùn. Carlcare, tí í ṣe ilé àtúnṣe ti Transsion fúnra wọn, wà ní àwọn ìlú ńlá, ohun èlò wọn sì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tún fóònù ṣe títí dé àdúgbò. Fún ẹni tó ń gbé ní ìlú kékeré, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Fóònù tí ojú rẹ̀ fọ́ lónìí tí wọ́n tún un ṣe lọ́la sàn ju èyí tó ní ọdún méje àtúnṣe ààbò tí ẹnì kankan kò lè ṣí.

Àmọ́ ètò inú rẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti kùnà. Ìlérí tí wọ́n ṣe fún Note 40 ni ẹ̀dà Android méjì àti ọdún mẹ́ta àtúnṣe ààbò, ó sì wà lára àwọn tó dára jù nínú ilé náà. Àwọn tó kéré jù, irú èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ìyá ọlọ́jà ń rà, kì í sábà ní ìlérí kankan tí wọ́n kọ sílẹ̀ kedere. Bí wọn ò bá kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kà á sí pé kò sí. Áàpù tí ẹ kò béèrè fún náà tún pọ̀ níbẹ̀, bíi PalmStore àti Phoenix, tí wọ́n á máa fi ìpolówó ránṣẹ́ sí yín. Ẹ pa ìfitónilétí wọn lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé fóònù délé.

Lọ́dún 2020, ilé iṣẹ́ Upstream tó ń ṣọ́ ààbò fóònù tú àṣírí pé kòkòrò méjì, Triada àti xHelper, wà nínú fóònù Tecno W2 tí wọ́n tà ní Ethiopia, Cameroon, Íjíbítì, Gánà àti Gúúsù Áfíríkà, tó ń jẹ kírẹ́díìtì àwọn tó ń lò ó láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Transsion ní ọ̀dọ̀ ẹnì kan nínú àwọn tó ń bá wọn pèsè fóònù ló ti wọlé, pé àwọn sì ti ṣe àtúnṣe tí yóò mú un kúrò. Ó dun mi gan-an pé àwọn tí owó wọn kéré jù ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ já lé lórí, àwọn tí kírẹ́díìtì igba náírà jẹ́ nǹkan ńlá fún. Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣì rí lónìí. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé àtúnṣe ààbò kì í ṣe ọ̀ṣọ́, àti pé ẹni tó ra fóònù kékeré ló nílò rẹ̀ jù.

Ohun kan kù tí mi ò lè gbójú fò. Tí páálí bá ní "16GB RAM", ìyẹn àyè tí fóònù fi ń ṣe iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ tún un kà. Lọ́pọ̀ ìgbà 8 ni gidi, 8 ìyókù jẹ́ àyè tí wọ́n yá láti ibi tí ẹ ń kó fọ́tò sí. Kì í yára bíi RAM gidi, kò sì sọ fóònù di ńlá. Samsung àti àwọn mìíràn náà ní irú rẹ̀, ṣùgbọ́n orí páálí Tecno àti Infinix ni mo ti máa ń rí i tí wọ́n kọ gàdàgbà.

iPhone: kò dá ọjọ́, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́

Apple kì í sọ ọdún tí yóò parí fún fóònù kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọdún márùn-ún ó kéré tán láti ìgbà tó kọ́kọ́ dé ọjà. Ìṣe wọn ló ju ọ̀rọ̀ wọn lọ. iPhone 5s tó jáde lọ́dún 2013 ṣì gba àtúnṣe ààbò ní oṣù kìíní 2023. iPhone XR àti XS ti ọdún 2018 gba iOS 18 ní 2024, kí iOS 26 tó yọ wọ́n sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2025. Nítorí náà, iPhone 11 ló gbó jù nínú àwọn tó gba iOS 26, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi owó gidi rà á. iPhone 13, tó jáde lọ́dún 2021, ni mo máa ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí Apple bá ń ṣe bó ṣe ń ṣe é bọ̀, yóò ṣì ní àwọn ọdún díẹ̀ níwájú.

Ara iPhone le. Gíláàsì àti irin ni, IP68 ni ààbò omi iPhone 13, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ń yára fún ìgbà pípẹ́. Bátìrì ni ibi ẹlẹgẹ́. Títí dé iPhone 14, Apple ní wọ́n ṣe bátìrì náà kó lè ṣẹ́ ku ìpín 80 nínú 100 lẹ́yìn tó bá ti gbaná kíkún ní ìgbà 500. Láti iPhone 15 ló ti di ìgbà 1,000. Ní oṣù kejìlá ọdún 2017, Apple gbà pé àwọn ń dín eré fóònù tí bátìrì rẹ̀ ti rẹ̀ kù. Ẹ̀hónú dìde, wọ́n sì gé owó pípààrọ̀ bátìrì láti dọ́là 79 sí 29 fún ọdún 2018, wọ́n sì fi ojú ìwé tó ń fi ìlera bátìrì hàn sínú fóònù. Nọ́ńbà tí àwọn ọlọ́jà fi ń polówó lónìí, "ìpín 87", ibẹ̀ ló ti wá. Àwọn kan ti ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yí i, torí náà ẹ má fi nọ́ńbà yẹn nìkan ra fóònù.

Ewu iPhone níbí wà nínú òwò tòkunbọ̀. Àwọn kan ń kó inú XR sínú ìkarahun iPhone tuntun. Òmíràn wà tí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù Amẹ́ríkà tì pa, tí wọ́n fi "chip" sí kó lè gba síìmù wa, tí kò sì ní pẹ́ tó fi máa dá wàhálà sílẹ̀. iPhone 14 sókè tó bá wá láti Amẹ́ríkà kò ní ihò síìmù rárá, eSIM nìkan ló ń lò, ìyẹn síìmù tí wọ́n ti kọ́ mọ́ inú fóònù. MTN àti Airtel ń ṣe eSIM, nítorí náà ó ṣeé lò. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ síìmù láti fóònù kan sí òmíràn lójoojúmọ́ kò ní gbádùn rẹ̀.

Pixel: ìlérí tó gùn, ilé rẹ̀ jìnnà

Google ló ni Android, Pixel ló sì máa ń kọ́kọ́ rí àtúnṣe. Láti Pixel 8, tó jáde ní oṣù kẹwàá 2023, ọdún méje ni. Kámẹ́rà rẹ̀ dára, kò sí ìpolówó, ètò inú rẹ̀ mọ́. Lórí páálí, òun ló yẹ kó borí.

Google kì í ta Pixel ní Nàìjíríà. Gbogbo èyí tí ẹ bá rí lọ́jà, ẹnì kan ló kó o wọlé. Ojú rẹ̀ àti bátìrì rẹ̀ ṣòroó rí, 5G àti ìpè lórí 4G kì í sì sábà ṣí lórí rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tí Google kì í ti tà á. Bátìrì gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ní oṣù kìíní 2025, ìmúdójúìwọ̀n kan dín agbára bátìrì Pixel 4a kù. Ní oṣù keje ọdún kan náà, ó kan Pixel 6a tó ti gbaná kíkún ní ìgbà 400, nítorí pé ó lè gbóná ju bó ṣe yẹ. Ìyẹn dáàbò bo èèyàn, mi ò bá wọn wí. Bátìrì ọ̀fẹ́ tí wọ́n ṣètò ni kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá ní ará ní òkè òkun tó lè bá a gbé Pixel 8 tàbí 8a lọ sí ilé àtúnṣe, kó rà á. Àwọn yòókù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹra fún 4a àti 6a pátápátá.

Redmi àti Oppo wà láàárín, ìlérí wọn yàtọ̀ láti irú kan sí èkejì, torí náà ẹ wá orúkọ fóònù náà gan-an lórí ìkànnì wọn. Ẹni tí àbúrò tàbí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fi fóònù ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù ní àǹfààní kan: láti ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2024, òfin ilẹ̀ náà fi dandan lé e pé kí ilé iṣẹ́ sọ iye ìgbà tí àtúnṣe ààbò yóò fi wà. Ẹ ní kó bá yín kà á kó tó sanwó. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, láti ọjọ́ 20 oṣù kẹfà ọdún 2025, fóònù tuntun gbọ́dọ̀ ní bátìrì tó ṣì lè gba ìpín 80 lẹ́yìn ìgbà 800, ohun èlò àtúnṣe sì gbọ́dọ̀ wà fún ọdún méje.

Èwo ni mo máa rà?

Fún ẹni tó fẹ́ fóònù tuntun kan, tó sì fẹ́ gbàgbé ọ̀rọ̀ fóònù fún ọdún márùn-ún: Galaxy A26 tàbí A36, bí owó bá sì kéré, A16. Fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fọ́tò àti fídíò, tó sì mọ ọlọ́jà tó ṣeé gbọ́kàn lé: iPhone 13 tàbí S23 tòkunbọ̀. Fún ẹni tó ń gbé níbi tí iná kì í dé, tí fóònù rẹ̀ máa ń bọ́ sílẹ̀ lóòrèkóòrè, tí kò sì fẹ́ náwó púpọ̀: Infinix Note, pẹ̀lú ìpinnu pé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, áàpù báńkì kò ní sí lórí rẹ̀ mọ́. Tecno tàbí itel tó kéré jù dára fún ìpè àti WhatsApp màmá. Ẹ má kó owó ilé sínú rẹ̀.

Níwájú ọlọ́jà

Lórí Android, ẹ wọ inú ètò fóònù, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ ẹ̀dà Android sí, ẹ ó rí ọjọ́ tí àtúnṣe ààbò tó kẹ́yìn wọlé. Tí ó bá ti lé ní ọdún kan, tí fóònù náà sì sọ pé òun ti dé ojú ìwọ̀n nígbà tí ẹ ní kó wá tuntun, ètò inú rẹ̀ ti kú. Lórí iPhone 12 sókè, ojú ìwé tó ń sọ nípa fóònù náà máa ń sọ bóyá wọ́n ti pààrọ̀ ojú tàbí bátìrì rẹ̀, irú fóònù tó jẹ́ gan-an sì wà níbẹ̀, ohun yòówù kí ìkarahun rẹ̀ jọ. Fóònù tí wọ́n ti tú rí, ẹ má gbára lé ààbò omi rẹ̀ mọ́, kódà bó jẹ́ IP68.

Ẹ fi síìmù yín sí i, ẹ pe èèyàn, ẹ tan dátà. Ẹ ní kí wọ́n nu gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ lójú yín, kí ẹ sì tún un tàn: tó bá béèrè àkáǹtì Google tàbí Apple ti ẹlòmíràn, ẹ gbé e padà fún wọn. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ *#06#, ẹ fi IMEI (nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù) tó jáde wé ti orí páálí, ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí rìsíìtì pẹ̀lú iye ọjọ́ tí wọ́n fún yín láti dá a padà.